Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ní kí n kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ ẹnu ò dùn wọ́n rárá. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti dé.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an rèé. O kọ̀wé sí mi pé ohun tó bá ti ṣe òṣìṣẹ́ láǹfààní, òun ni òtítọ́. Ààrò ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́, ó jó èèyàn méjì. Ó pẹ́ tí Bàbá Adáná ti ń pariwo pé ààrò náà ti là. Àmọ́ kí ojú má bàa ti ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì yín tó ni ilé búrẹ́dì náà, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní ká nawọ́ jẹ́rìí pé bàbá ló mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Mo rántí ìwé rẹ, mo nawọ́ sókè. Ẹ̀wọ̀n ni bàbá kú sí.

Ìyàwó bàbá náà ló ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé orin kan náà la jọ ń wò. Ọlọ́run ní ká má jẹ́rìí èké. Kò sọ pé àfi tó bá láǹfààní.

Tí ẹgbẹ́ yín bá ṣẹ̀, ta ni wọ́n ń bẹ̀? Èmi ń lọ bẹ ìyá yẹn lọ́la.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Bá mi gbàdúrà, bí o bá ṣì mọ̀ ọ́n gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ