Ọmọ Tó Gun Ẹja Lórí Owó Fàdákà

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópó Etí Òkun,
                                        Balbriggan,
                                        Dublin, Ireland.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2006.

Adéjùmọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ẹni tó ru yanrìn létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ títí irun àárín orí rẹ̀ fi re, tó ta kẹrosíìnì kiri Ìjẹ̀bú-Òde láìní bàtà, tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Mushin, tó dé Dublin ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, tí wọ́n kó òun àti ọkùnrin méje sí yàrá kan nígbà tó ń retí ìwé ìgbélùú, tó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn kọ́lékọ́lé nínú òjò tí kì í dá, òun náà ló ń kí ọ. Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Báwo ni ara? Ṣé orúnkún rẹ ti jẹ́ kí o máa kírun láì jókòó sórí àga? Rafiat ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá tó bí ọ ńkọ́? Màmá ni mo fẹ́ béèrè jù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó dáadáa.

Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ló lé mi, kì í ṣe èmi ni mo sá. Lónìí, àwọn tó gba dìgírì méjì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ní Moore Street. Ojúlé méjì ni ṣọ́ọ̀bù mi gbà níbẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, iṣu, èlùbọ́, panla, kò sí èyí tí o fẹ́ tí o kò ní í rí. Àwọn ìyá Òyìnbó tó ń ta òdòdó níwájú wa ń pè mí ní "lọ́fù", ìyẹn olùfẹ́, n kò sì bínú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn. Ilé tí mo ń gbé, mo rà á ni, n kò háyà rẹ̀. Yàrá mẹ́rin, mo sì ń gbọ́ ìró òkun láti ibi ìdáná. Owó ti pọ̀ nílùú yìí débi pé ẹ̀rọ ìkọ́lé tó ga lójú ọ̀run pọ̀ ju igi lọ. Bí mo bá ń fọ́nnu, jẹ́ kí n fọ́nnu. Ẹni tí kò jìyà rí ló ń fi ọrọ̀ pamọ́.

O mọ orúkọ tó wà lórí pátákó mi: AFẸJAṢẸṢIN. Orúkọ tí gbogbo Ẹ̀pẹ́ sọ mí lọ́dún 1964 náà ni. Mo ní kí ayàwòrán ya ọkùnrin kan tó gun ẹja bí ẹni gun ẹṣin sí abẹ́ rẹ̀. Orúkọ yìí ló fa ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ.

Òyìnbó arúgbó kan wà, Mísítà Declan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó béèrè ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Kamilah ló dá a lóhùn, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó bẹ̀ mí wò lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá bá a sọ ọ́, gẹ̀ẹ́sì Dublin ló máa fi fèsì. Ó ṣàlàyé pé ọkọ̀ da baba àgbà òun sókun nígbà èwe, ẹja ńlá sì gbé e gúnlẹ̀. Declan lu itan. Ó ní kí n dúró de òun, kí n má lọ síbì kankan. Mo ní níbo ni kí n lọ, ṣé mo fẹ́ gbé ṣọ́ọ̀bù sá ni.

Sátidé tó kọjá, ó padà wá bá èmi àti Kamilah. Ó yọ nǹkan kékeré kan nínú àpò awọ, ó ní kí n wo "yóòkù" yìí. Nǹkan tí wọn ò bá ti rántí orúkọ rẹ̀ níbí, yóòkù ni. Mo rí ẹja lára rẹ̀, mo sì dá a padà fún un kíá.

Mo ní, "Mísítà Declan, a kì í gba èyí mọ́. Yúrò là ń ná."

Ẹja kan wà lórí tẹ́ń-pẹ́ńsì àtijọ́ wọn kí Yúrò tó dé. Ìgò kan rẹ̀ ṣì wà nílé mi. Mo rò pé bàbá náà fẹ́ fi òkú owó rajà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kamilah fọwọ́ bojú: "Ah, Bàbá Àgbà!"

Owó fàdákà ni, Adéjùmọ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Wọ́n rọ ọ́ ní ìlú kan tó ń jẹ́ Taras, létí òkun Ítálì, níbi tí àwọn ará Gíríìsì tẹ̀dó sí. Ẹja orí rẹ̀ kì í ṣe ẹja odò bíi ti tẹ́ń-pẹ́ńsì. Dọ́fíìnì ni wọ́n ń pè é, ẹja òkun onímú gígùn tó máa ń fò tẹ̀lé ọkọ̀, irú èyí tí àwa náà máa ń rí ní Lẹ̀kí. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ níhòòhò, ó na ọwọ́ kan síwájú. Declan ní ìtàn wọn ni pé ọkọ̀ rì, baba ọmọ náà tó jẹ́ òòṣà òkun rán ẹja sí i, ẹja gbé e gúnlẹ̀, ìlú sì dúró síbi tó gúnlẹ̀ sí. Ó ní àwọn ará Róòmù náà fi ẹja yìí sórí owó tiwọn, wọ́n lọ́ ọ mọ́ ìdákọ̀ró.

Àwọn oníbàárà ti pé lé wa lórí. Bùkọ́lá tó ń dirun ní ẹ̀gbẹ́ wa pariwo, "Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá wa ti wà lórí owó kí wọ́n tó bí baba ńlá ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì!" Inú mi dùn, n kò ní í purọ́. Mo na ọwọ́ bíi ti ọmọ náà kí wọ́n lè rí i.

Kamilah gbé owó náà sún mọ́ ojú. Ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́, "Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ńkọ́?"

Declan ní owó náà kò sọ.

Ọwọ́ mi tó nà sókè yẹn, n kò mọ bí mo ṣe gbé e wálẹ̀.

Declan ní kí n mú owó náà lọ sílé di Sátidé ọ̀túnla, kí n fi han àwọn èèyàn mi ní mọ́ṣáláṣí. N kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọwọ́ àwọn tó ná an ti pa ojú ọmọ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹja ṣì wà, ó rí roboto, ó ń wò mí. Bí mo bá yí i padà, ẹlẹ́ṣin ló wà lójú kejì. Ẹja níhìn-ín, ẹṣin lọ́hùn-ún. Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀ láìlo lẹ́tà.

Rélùwéè tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù máa ń gba orí omi kọjá ní Malahide. Láti ọdún tí mo ti ń wọ̀ ọ́, bó bá ti débẹ̀, mo máa ń mọ èjìká ènìyàn lábẹ́ itan mi méjèèjì. Èjìká tó tutù. Mo máa ń dìde dúró, àwọn Òyìnbó á rò pé mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Láti Sátidé, èjìká náà kò dúró sí Malahide mọ́. Ó bá mi dé orí àga ṣọ́ọ̀bù. Ó bá mi dé orí ẹní ìkírun.

Adéjùmọ̀, ẹja kankan kò gbé mi. Mo tún un kọ, kí o má baà rò pé ọwọ́ mi ló ṣì í: ẹja kankan kò gbé mi. Bánjọ àbúrò rẹ ló gbé mi.

Lóòótọ́ ni àwọn ẹja náà ń fò ní Lẹ̀kí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Bánjọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí ìgbì da ọkọ̀ wa dé, òun mọ̀ ọ́n wẹ̀, ìbá dá gúnlẹ̀. Èmi tí mo ti fọ́nnu fún gbogbo yín pé mo lè wẹ ọ̀sà já, n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá. Ó gba abẹ́ mi wá, ó gbé mi lé èjìká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Bùrọ̀dá Dísù, ẹ má fi ẹsẹ̀ fún mi lọ́rùn." Ẹ̀rù bà mí. Mo fún un. Mo fún un títí ẹsẹ̀ mi fi kan yanrìn, nígbà tí mo sì wẹ̀yìn, omi nìkan ni mo rí.

Àwọn apẹja béèrè bí mo ṣe jáde. Ojú tì mí láti sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbé èmi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀rù sì bà mí kí wọ́n má lọ béèrè ibi tí mo fi í sí. Ẹja kan fò lókèèrè. Mo nawọ́ sí i. Ẹnìkan pariwo, "Afẹjaṣẹṣin!" Wọ́n gbé mi lé èjìká tiwọn, wọ́n gbé mi wọ̀lú.

Irọ́ yẹn ì bá mọ sọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n Màmá ní ẹja tó gbé Dísù kò ní fi Bánjọ sílẹ̀, èbúté mìíràn ló gbé e lọ. Kò jẹ́ kí ẹ kírun òkú sí i, kò jẹ́ kí ẹ ṣe fìdáù. Ó fi ẹja òkun ṣe èèwọ̀ ilé yín. Ọdún méjìlélógójì, ẹní Bánjọ ṣì wà ní títẹ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, ó di ọwọ́ mi mú: "Ibi tí òkun bá dé, Dísù, bá mi béèrè ọmọ mi." Mo ní màá béèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá tí o pè mí pé kò jẹun mọ́, pé ó ní òun ò ní í kú títí ẹja yóò fi dá ọmọ òun padà, pé àwọn àlùfáà ń bi ọ́ bóyá kí wọ́n kírun sí Bánjọ kí ọkàn Màmá lè sinmi, kí ni mo wí? Mo ní kí ẹ fi Màmá sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí rẹ̀. Owó náà wà lápò mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe ìrètí Màmá ni mo ń ṣọ́. Pátákó mi ni mo ń ṣọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ní ogún méjì ó lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bíi tèmi.

Ezekiel ọmọ Ọlálẹ́yẹ, tó ń gbé ní Ongar níbí, ń wálé lọ́la, òun ni mo fi ìwé yìí rán. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, nítorí náà fojú fo àṣìṣe. Má kà á fún Màmá. Sọ fún un pé Dísù ń bọ̀ kí ó tọ́ ọbẹ̀ wò dè mí. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi kí n tó dé. Bí o bá fẹ́ lù mí, dúró dè mí. Bá mi kí Rafiat àti àwọn ọmọ, kí o sì kí ẹgbẹ́ wa ní mọ́ṣáláṣí, má sọ nǹkan mìíràn fún wọn.

Ní ọ̀túnla, tí mo bá ti dá owó Declan padà, màá sọ orúkọ ẹni tó kù nínú ọkọ̀ fún Kamilah. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi màá gun àkàbà, màá já pátákó náà wálẹ̀. Lọ́jọ́rú, màá wọ bàálù. Lọ́jọ́bọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá, màá jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi sí òkun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ẹ bá gbà fún mi, a ó kírun sí Bánjọ, èmi ni màá sì ká ẹní rẹ̀.

                                        Tìrẹ ni mí, bí o bá ṣì fẹ́ mi,

                                        Dísù Ògúnbíyìí,
                                        ẹni tí Bánjọ gbé gúnlẹ̀.