Wọn Ò Fi Ìjì Wọlé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹta

Ìjì ò sí níbẹ̀. Mo ka orúkọ àwọn mọ́kànlá tó máa wọlé, mo tún un kà. Mo ka ti àwọn tó máa jókòó sórí bẹ́ńṣì. Kò sí. Mo nu ojú fóònù mọ́ ṣòkòtò, bíi pé eruku pákó ló bo orúkọ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí náà ni.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó lẹ́yìn àwọ̀n góòlù pẹ̀lú àwọn èèyàn wa, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Agbábọ́ọ̀lù iwájú wa! Kò fara pa. Wọn ò fún un ní káàdì pupa. Ó wà ní pápá pàápàá — ó jókòó sókè lọ́hùn-ún, fìlà lórí, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn bí àlejò. Gbogbo wa dìde, à ń pe orúkọ ẹ̀. Ó kàn gbọ́wọ́ sókè.

Wọ́n nà wá, góòlù kan sí òdo. Ta ni ì bá fi orí kan bọ́ọ̀lù tó ti igun wá yẹn wọlé? Ọmọ ọjọ́ kan mọ̀ ọ́n.

Ẹnu mi ṣì ya sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹta

Télọ̀ sọdá wá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí èyí tí mo ti ń ṣe káfíńtà, òun ló sì rán gbogbo àsíá tí à ń jù ní pápá. Ó ní Bàbá Pátákó tọ̀nà. (Bàbá Pátákó ni mo sọ kóòṣì wa tuntun. Pátákó tó fi ń yàwòrán bí wọ́n ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù ò kúrò lábíyá ẹ̀ rí.) Ó ní kí n wo góòlù tí Ìjì gbá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, mẹ́ta péré. Ó ní ọmọ tuntun tí wọ́n rà yẹn yá lẹ́sẹ̀ jù ú lọ.

Mo ní kí ló kàn mí kan iye góòlù? Ta ló fi báńdéèjì wé orí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tó ṣì kan bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ tí à bá já wálẹ̀? Ta ló kọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ olówó ránṣẹ́ pè é? Ta ló máa ń fò wọ àárín wa tó bá gbá a wọlé, tí a ó máa fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ ìyá wa? Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ú lọ pọ̀ lọ jàra. Ẹni tí a fẹ́ràn tó o ni kò sí.

Télọ̀ ní ṣé ìfẹ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni?

Mo lé e jáde. Ó gbàgbé tépù ìwọnṣọ ẹ̀. Mo jù ú bá a láti ojú fèrèsé.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹta

Wọ́n bi Bàbá Pátákó lórí rédíò ìdí tí kò fi fi Ìjì wọlé. Ó ní òun lòun ń yan ẹgbẹ́. Ó parí! Wọ́n tún bi í. Ó ní ìpinnu òun ni, kí wọ́n má dá ẹlòmíì lẹ́bi. Irú agídí wo nìyí? Bí mo ṣe ń kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan, orin sọ sí mi lẹ́nu:

Ìjì là ń fẹ́ o, ìjì ni kó jà,
Ẹni tó so ó mọ́lẹ̀, kó tú u, kó máa lọ ilé.

Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tí a jọ ń lọ sí pápá. Kí n tó jẹun alẹ́ tán, wọ́n ti ń kọ ọ́ ní títì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta

Wọn ò tún fi í wọlé. Gbogbo àwa ẹ̀yìn àwọ̀n kọ̀yìn sí pápá, à ń kọ orin mi. Orin mi! Ó gba odidi pápá kan! Orí mi wú.

Ẹ̀yìn wa ni ọmọ tuntun ti gbá góòlù wọlé. A ò rí i. Ariwo la gbọ́. Nígbà tí a kọjú padà, ó tún gbá òmíì — mo rí ìyẹn kedere, góòlù tó dùn bí oyin — mi ò dìde. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ìyẹn ya èmi alára lẹ́nu. Télọ̀ nìkan ló fò sókè láàárín wa, ó ń dá pariwo, ó wá wo ojú wa, ó rọra jókòó.

Bí a ṣe ń jáde ló bi mí: ṣé ẹgbẹ́ wa lo ń tì lẹ́yìn ni, àbí Ìjì? A borí, a sì ń rìn lọ sílé bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹta

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù, inú ilé mi ló ti wá. Mò ń fá irùngbọ̀n, mò ń kọ orin yẹn lábẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Ilé — ìyàwó mi ni, mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ létí ẹ̀ — dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, bàbá ọmọ mi, ẹ má kọ orin yẹn nínú ilé yìí mọ́. Mo rò pé eré ni. Òun tó sunkún lọ́jọ́ tí Ìjì fi pẹnáríti ṣòfò! Òun tó lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ ara fíríìjì! Mo ní kí ló dé? Ó ní kò sí. Ó gbé báàgì, ó gba ọsibítù ojú lọ, níbi tó ti ń jókòó sí tábìlì àbáwọlé, tó ń fún àwọn aláìsàn ní káàdì. Kò jẹun àárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹta



Èmi ni mo ní kí a lọ dúró sẹ́nu géètì ibi tí wọ́n ti ń gbaradì. Èrò pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo rò pé a máa kọrin, a máa lọ sílé. Nígbà tí ọkọ̀ Bàbá Pátákó yọ, àwọn kan jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Orin. Àtẹ́wọ́. Ó yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀ — ó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, ó ti na ọwọ́ jáde. Òkúta kan ti ẹ̀yìn mi fò wá. Mi ò mọ ẹni tó jù ú. Mo gbọ́ bó ṣe ró lára egungun ọwọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀.

Bàbá Pátákó ò pariwo. Èmi ló ń wò, torí èmi ni mo wà níwájú, ẹnu mi ṣì là pẹ̀lú orin. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó wá gbé e mì. Ó fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀ lọ.

Ọ̀gá Ilé ti gbọ́ kí n tó délé. Ó bi mí bóyá èmi ni mo jù ú. Mo ní rárá o. Ó ní ó dáa. Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹta

Bàbá Pátákó ti lọ! Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní òun àti àwọn ti fẹnu kò láti pínyà. Igbákejì ẹ̀ ni yóò máa darí wọn. Àwọn èèyàn wa ń fọn fèrè ọkọ̀ káàkiri. Àwọn kan gbé mi sókè ní títì bíi pé èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù. Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ọkùnrin yẹn —

Télọ̀ ń rán aṣọ. Kò gbójú sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹta

Orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjì! Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún. Ọ̀gá Ilé rí i lórí fóònù mi bí mo ṣe ń wọ jẹ́sì. Ó ní wọ́n fi í wọlé kẹ̀? Ó jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Nígbà tí Ìjì wọ pápá, ariwo tó sọ, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ láyé mi. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ti apá òsì wá, bọ́ọ̀lù tí ọmọdé ì bá gbà dúró. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a ní ó ti pẹ́ tó ti gbá a ni. Ìkejì bà á létí. Ìkẹta, òun àti ọmọ tuntun forí gbárí, torí kò mọ̀ rárá pé ọmọ yẹn ń bọ̀. Ọmọ yẹn dìde. Ìjì náà dìde, ó ń fọwọ́ wá afẹ́fẹ́ lápá òsì.

Mo wá rí i. Ó jọ pé gbogbo wa rí i pọ̀: tó bá fẹ́ wo òsì, odidi ọrùn ló ń yí, bí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn. Orin kú mọ́ wa lẹ́nu. Ó fúnra ẹ̀ gbọ́wọ́ sókè sí bẹ́ńṣì, ó rìn jáde. Pẹ̀lú bí a ṣe pọ̀ tó yẹn, mo gbọ́ bí àsíá ṣe ń lu igi ẹ̀.

Kí ni mo rí yẹn?

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kẹta

Ọ̀gá Ilé fọ àwo kan, ó tún un fọ̀, ó tún un fọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹta

Ìjì sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Mo gbé ayùn sílẹ̀.

Ó ní ojú òsì òun ti fọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣú, títí ó fi ṣú tán. Àwọn dókítà ní kó má forí kan bọ́ọ̀lù mọ́ láyé, kí ọ̀tún má bàa tẹ̀ lé e. Kóòṣì nìkan ló sọ fún. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, àní àwọn aláṣẹ, títí òun ó fi lè mọ́kàn le láti sọ fún ìyá òun tí ara ẹ̀ ò yá. Kóòṣì ní ó dáa, òun á gbà kó jẹ́ ẹ̀bi òun. Ìjì ní wọ́n bú u, wọ́n sọ ọ́ lókùúta, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n bi í ìdí tó fi wá wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ohùn ẹ̀ já. Ó ní: wọ́n ń pè mí. Gbogbo wọn ń pè mí. Mi ò lè sọ pé mi ò wá.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku pákó. Télọ̀ sọdá títì, ó jókòó tì mí. Kò sọ pé ṣebí mo sọ fún ẹ. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Kò tíì tán o. Ọ̀gá Ilé dé láti ibi iṣẹ́, mo ní ṣé o gbọ́? Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ọwọ́ òun ni Ìjì ti gba káàdì, fìlà bò ó lójú, kóòṣì dì í lápá mú wọlé. Mo ní èmi ọkọ ẹ, o ò sọ fún mi? Ó ní ẹ̀yin gan-an ni mi ò gbọdọ̀ sọ fún. Ó ní ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ṣe tòun láti sọ. Ó ní tí mo bá sì sọ fún yín, ṣé ẹ máa lè pa á mọ́?

Mo la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Télọ̀ ì bá ti gbọ́ kí omi tó hó. Ọ̀gá Ilé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kọ orin yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n figbe ta. Ó wá sunkún. Mi ò mọ ibi tí màá fi ọwọ́ mi sí. Obìnrin tí mò ń sùn tì látọjọ́ yìí, mi ò mọ ohun tó ń gbé kiri.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹta

Mo fi pẹ́ńsù kọ ohun tí màá lọ sọ fún kóòṣì sórí pákó. Mo fá a kúrò. Mo tún un kọ. Mo tún un fá. Pákó yẹn ti fẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹta

Télọ̀ sìn mí dé ìkóríta, ó ní kí n dá lọ. Ilé Bàbá Pátákó — rárá. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé kóòṣì. Mo kan géètì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé.

Àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ìjì dúró ní àárín àgbàlá. Kóòṣì wà lápá òsì ẹ̀, ọwọ́ kan nínú báńdéèjì, ó ń fi ìkejì ju bọ́ọ̀lù kékeré kan sí i. Ó ń kọ́ ọ bó ṣe máa yí orí, bó ṣe máa tètè mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kó lè máa dá sọdá títì. Bọ́ọ̀lù ń bọ́, kóòṣì ń bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ìjì gbọ́ ẹsẹ̀ mi, kò rí mi. Ó ní ta nìyẹn? Kóòṣì wò mí. Ó dá mi mọ̀. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó dá mi mọ̀ dáadáa, ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì yẹn gbéra díẹ̀. Ó ní ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ràn ẹ ni.

Mi ò retí ẹ̀. Èébú ni mo múra sílẹ̀ fún. Ọkùnrin yìí tún ti fẹ́ bò mí láṣìírí, èmi! Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní Ìjì, èmi ni mo kó wọn lọ sẹ́nu géètì. Ẹ̀yìn mi ni òkúta yẹn ti wá.

Ìjì yí ọrùn, ó fi ojú ọ̀tún wá mi títí ó fi rí mi. Mo rò pé ó máa ní kí n jáde. Ó na bọ́ọ̀lù sí mi. Ó ní ọwọ́ ń ro kóòṣì, wọn ò sì fẹ́ gbà. Ó ní kí n dúró síbi tí wọ́n dúró sí.

Kóòṣì lọ jókòó. Mo ju bọ́ọ̀lù náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ju ẹyin. Ó bà á létí. Mo ké.

Ìjì rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ tún un jù.

Mo tún un jù.