Ìyá Mi Fẹ́ Rí Mùfú

Lọ́jọ́ tí ìyá mi ṣubú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gé ìpè rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun ló ń pè. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará wa ní Tamale, ní Ghana níbí, ń ka page yìí, tí mo bá sì sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á mọ̀ mí. Mi ò wá kí ẹ bá mi kẹ́dùn. Ọ̀rọ̀ ara mi ló ń kó mi nírìíra, tí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, mi ò kì í fẹ́ wo dígí... ẹ ṣáà kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, Tamale ni wọ́n bí mi sí, bàbá bàbá mi ló kó wa wá síbí láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ kọ̀m̀pútà ni mò ń ṣe, Changli ni mo rẹ́ǹtì sí, èmi nìkan. Ìyá mi ń gbé Lamashegu nínú ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀, abọ́ ló ń tà, oníke àti táńganran. Láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí alùpùpù. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn sọ́kàn.

Géèmù kan wà tí mò ń gbá lórí kọ̀m̀pútà, ọdún kẹrin rèé. Ìwọ fúnra rẹ lo máa to rọ́kẹ́ẹ̀tì, wàá wọn epo sí i, wàá kó àwọn èèyàn kéékèèké sínú rẹ̀, wàá sì fò kúrò láyé lọ sí òṣùpá tàbí ibi tó jìnnà ju òṣùpá lọ. Kì í ṣe géèmù ìbọn o. Tí ìṣirò rẹ bá yẹ̀ díẹ̀, á bú gbàmù, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tèmi bú tó ogójì ìgbà kí n tó fẹsẹ̀ kan òṣùpá, ọjọ́ tí mo wá balẹ̀ síbẹ̀, ńṣe ni mò ń fò sókè nínú yàrá. Kò sóhun tó dùn tó kí o pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kí ayé máa yí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún láìsí ariwo, láìsí ẹni tó ń bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa gbéyàwó. Àwa tá a ń gbá a ní group kan, ọmọ Naija àti ọmọ Ghana, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan béèrè níbẹ̀ pé kí ló mú wa fẹ́ràn géèmù yìí tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní bíbú gbàmù yẹn gan-an ló ń dùn mọ́ òun. Ẹlòmíì ní òun tí òun fìdí rẹmi nínú Maths, géèmù yìí ló kọ́ òun ní ohun tí tíṣà fi ẹgba kọ́ òun tí kò wọlé. Ni èmi náà bá kọ tèmi, mo kọ ọ́ gígùn, mo ní ohun tí mo fẹ́ràn ni pé a kì í fi èèyàn wa sílẹ̀, pé tí ẹni tèmi bá há síbì kan, ì báà gbà mí lọ́dún kan, màá lọ gbé e wálé. Gbogbo wọn ní mo sọ̀rọ̀ àgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn padà, mo rí i pé irọ́ ni mo pa. Òun ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Ẹni tó há yẹn ni Mùfú. Orúkọ òyìnbó ni géèmù máa ń fún wọn, èmi máa ń pa á dà sí tiwa, bí Mùfú ṣe di Mùfú nìyẹn. Mo gbé e lọ síbì kan tó jìnnà gan-an, ó balẹ̀ láìfarapa, ìgbà tó ku ká padà ni mo rí i pé epo ti tán, mo ti ṣi ìṣirò ṣe láti ilé. Ẹlòmíì á pa á rẹ́, á mú ẹlòmíì. Èmi kọ̀. Oṣù méje gbáko ni mo fi ń to ọkọ̀ tó máa lọ gbé e, èyí bú, èyí sọnù, mo sì ń bá àwọn ará group sọ ọ́ lórí fóònù níbikíbi tí mo bá wà. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, mò ń sọ fún ẹnì kan pé Mùfú ṣì wà níbi tó há sí, kò sí epo, kò sọ́nà àbọ̀, àfi ká lọ gbé e. Ìyá mi gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ibí, ẹ mọ ohun tí ìyá ọmọ máa rò. Àdúgbò wo ni ò lẹ́ni tó gba Agadez lọ pé òun ń lọ Libya, tí wọ́n já sílẹ̀ sínú aṣálẹ̀? Ó bi mí bóyá Mùfú ṣì ní ìyá láyé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó ní. Ojú ń tì mí láti sọ fún un pé àgbàlagbà bíi tèmi ló ń bá àwòrán ṣeré.

Lọ́jọ́ Sunday, ó gbé orúkọ Mùfú lọ sí àsàlátù. Gbogbo àwọn ìyá yẹn tẹ́wọ́ sókè, wọ́n ń ṣe àmín fún àwòrán orí kọ̀m̀pútà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ó tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìyá mi ń dín kóosé, àkàrà tiwa níbí, ó ń fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéékèèké nítorí Mùfú, pẹ̀lú òógùn ojú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Mo jẹ kóosé Mùfú, mo tún ní kí wọ́n bá mi bu ata sí i. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín... ṣé èèyàn ni mí báyìí?

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn ìrun Àyìlá, iná wà, network dára, ọkọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ wá dé ọ̀dọ̀ Mùfú. Mo fẹ́ rọra gbé e balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta nínú group wà lórí ìlà, wọ́n ń wo screen mi, wọ́n ń gbọ́ ohùn mi. Fóònù dún. Mo rí "Ìyá Mi" lójú ẹ̀, mo gé e. Ó tún dún, mo tún gé e. Lẹ́ẹ̀kẹta mo dojú fóònù dé orí tábìlì, ó ń gbọ̀n níbẹ̀, ó tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wá dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá géèmù yìí, ẹ mọ̀ pé bọ́tìnì kan ṣoṣo wà tí èèyàn fi ń dá a dúró. Tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohun gbogbo á dúró dè ọ́ títí o máa fi ṣe tán. Ó wà lábẹ́ ìka mi. Mi ò tẹ̀ ẹ́, nítorí mi ò fẹ́ kí àwọn mẹ́ta yẹn gbọ́ mi kí n máa dá ìyá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun. Nítorí ìyẹn ni. Mùfú wọlé sínú ọkọ̀, ariwo sọ, wọ́n ní mi ò láfiwé, omijé bọ́ lójú mi. Ẹ wo ẹni tí mo sunkún fún.

Mma Fati, ìyá Dagomba tí ògiri òun àti ìyá mi so pọ̀, ló pè mí nígbà tí Alásárì kù díẹ̀. Ó wá dá abọ́ tó yá padà ló fi rí ìyá mi nílẹ̀ balùwẹ̀. Ó yọ̀, egungun itan rẹ̀ kán, fóònù tó so mọ́ etí ìró nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó tó wákàtí méjì tó fi wà lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi débẹ̀. Ní ọsibítù, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé mi ò rí ìpè òun, mo ní mọ́sálásí ni mo wà, pé mo jókòó síbẹ̀ láti Àyìlá dé Alásárì, mo pa fóònù. Ó ní alhamdulillahi, ẹni tó wà níwájú Ọlọ́run kì í gbé fóònù. Kí inú ẹ̀ lè dùn sí i, mo fi kún un pé Mùfú ti dé. Ẹ ò rí i bó ṣe di ọwọ́ mi mú.

Ó ti padà sílé báyìí, irin ló fi ń rìn, bóyá ló tún máa lè dá lọ sọ́jà. Sunday yìí, àwọn ìyá àsàlátù ń bọ̀ nílé rẹ̀ láti dúpẹ́ nítorí òun àti nítorí Mùfú, ó sì ní dandan ni kí n mú Mùfú wá. Ó ti ra jalabíà fún un. Ó ti bá Mma Fati sọ̀rọ̀ fura tí àwọn àlejò máa mu. Èmi ńkọ́? Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Kukuo, mo ní kó wá ṣe bíi Mùfú fún mi. Ó gbà. Ó tiẹ̀ bi mí pé kí òun sọ pé ọjọ́ mélòó ni òun fi wà láìmumi. A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, tèmi ò wulẹ̀ lọ jìnnà, Sunday ni.

Lánàá ni mo dì í lọ́wọ́ mú lọ sí balùwẹ̀, ló bá ń fi ọwọ́ hàn mí ibi tó ṣubú sí. Mi ò bi í ní nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó ní nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mi ò gbé e, òun fi fóònù sílẹ̀, òun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà fún Mùfú. Ó ní òun mọ̀ pé èmi máa dé, pé ọmọ òun ò lè má dé, ẹni tó wà nílẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀ ni òun ń káàánú. Mo di irin yẹn mú, mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà inú page yìí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi wọ jalabíà yẹn kó wá jókòó síwájú àwọn ìyá yẹn, kí wọ́n máa gbé ọwọ́ lé e lórí? Àbí kí n sọ òtítọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ, pé kò sí Mùfú, àbí pé mo rí orúkọ ìyá mi lójú fóònù? Mo ń kọ èyí lọ́wọ́ ló pè. Mo gbé e kíá, kò dún tó ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá Mùfú máa ń fi ṣúgà sí fura. Mo ní ó máa ń fi sí i.