Ẹ̀rín Tí Wọ́n Kọ́ Ọkọ Mi

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                                  Òkè Ilé Búrẹ́dì.
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

O kú ewu ọmọ o! Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìkókó wà? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Bàbá ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun, àbí ó ṣì ń gbé e bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún dé ẹnu? Ara tèmi le, ọkọ tuntun náà wà. Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n ròyìn ìgbéyàwó fún ọ, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ni kò jẹ́ kí o lè wá. Gbogbo rẹ̀ dùn, àfi ijó àkọ́kọ́ tí tọkọtaya máa ń jó. Ijó yẹn ń rí mi lára títí di òní.

O rántí bí èmi àti káfíńtà mi ṣe pàdé. Ó wá tún ẹsẹ̀ tábìlì máṣíìnì mi ṣe, rédíò ń kọrin, ni ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó gbé èjìká dé etí, ó yọ ahọ́n síta. Ijó náà ò dáa rárá. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Ojú yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ gbà láti fẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ní àwọn ò ní jẹ́ kó fi irú ijó bẹ́ẹ̀ dójú ti ìdílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n bá lọ gba olùkọ́ ijó. Háà, ọkùnrin yẹn! Lọ́fínńdà ara rẹ̀ ti máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Àtàǹpàkò rẹ̀ tutù rinrin, òun ló sì fi ń gbé àgbọ̀n mi sókè. "Ẹ fara balẹ̀," ló máa ń wí, "ẹ jẹ́ kó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ yín." Ó wá mú káfíńtà mi dúró níwájú dígí, ó ń kọ́ ọ lẹ́rìn-ín: kí eyín òkè nìkan hàn, kí ojú pa dé díẹ̀, kí orí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kí a dá olùkọ́ náà dúró. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n òun ló tọ́ òun dàgbà, òun ò lè já wọn kulẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀rín náà tẹ̀lé e délé. Mo sọ fún un pé ìyá mi yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀, ló bá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó rẹ́rìn-ín eyín òkè sí mi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é! Ó rí mi lára, Adúmáadán. Díẹ̀ ló kù kí n ní n ò ṣe ìgbéyàwó mọ́. (Ara ìyá mi ti yá, má dààmú.)

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Orin bẹ̀rẹ̀, a jáde sí àárín gbọ̀ngàn, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí mi, ẹ̀rín yẹn sì yọ. Mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń wí pé, "Ẹ wo bí ara wọn ṣe balẹ̀!" Olùkọ́ fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mi orí bí ẹni tó bí wa. Mo wá ọkọ mi lójú ẹni tó dì mí mú, n ò rí i. Ìríra gbà mí lọ́kàn, ẹ̀rù náà sì bà mí. Ni mo bá gbé gìgísẹ̀ bàtà mi, mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Èjìká rẹ̀ fò dé etí, ahọ́n yọ síta. Ó wò mí, ó ní, "O mọ̀ọ́mọ̀ ni!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín gidi, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò káàkiri gbọ̀ngàn, èmi náà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ijó náà ò dáa rárá.

Bá mi kí bàbá ọmọ dáadáa, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Fótò eyín òkè ni wọ́n fi sínú férémù ńlá, àwọn fúnra wọn ló sì wá kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ wa. N ò lè jẹun níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí onífótò da èyí tí ọkọ mi ti ń ké nù, àmọ́ mo ti gba ọ̀kan pa mọ́. Òun ló wà nínú lẹ́tà yìí. Bá mi tọ́jú ẹ̀. Bí ọmọ rẹ bá dàgbà tó bi ọ́ pé ta nìyí, sọ fún un pé ọkọ mi ni.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ìyàwó Káfíńtà.