Ìró Àṣàkẹ́ Tí Mo Fọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀, Ayétòrò. Ẹnubodè ṣì wà ní títì.

Wọ́n tún wá lọ́sàn-án yìí, àwọn ìyàwó ọ̀run mi méjèèjì. Mo kàn ní kí n rẹjú díẹ̀ lẹ́yìn oko ni.

Èyí dúdú ló kọ́kọ́ gun bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ètè kàn mí létí, ara mi gbóná. N ò ní purọ́ fún ìwé yìí, mo fà á mọ́ra. Ni èyí pupa bá fa irun rẹ̀: "Dìde lára ọkọ mi!"

"Ọkọ ta ni? Èmi ni mo kọ́kọ́ bá a sùn!"

Faransé ni èyí pupa fi bú u padà. Àwọn ń ti òdìkejì ẹnubodè wọlé bó ṣe wù wọ́n. Àṣàkẹ́, ìyàwó tí mo fẹ́ sílé, há sí Kétu lọ́hùn-ún.

Màmá mi ti ní kí n tẹ́ ìró Àṣàkẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, pé tí wọ́n bá gbóòórùn obìnrin tó nilé, wọ́n á padà. Mo tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí ojú ń tì mí láti tẹ́ aṣọ tó dọ̀tí.

Lónìí, èyí pupa ró o mọ́dìí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo jí, mo ki imú bọ ìró náà. Òórùn ọṣẹ nìkan ló kù.

Àṣàkẹ́ pè nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ má fọ ìró mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn o. Èmi fúnra mi á fọ̀ ọ́ tí mo bá dé."

Mo ní mo ti gbọ́.