Ọkọ̀ Ló Ń Gbọ̀n, Kì í Ṣe Ọwọ́ Mi

                                                  Lindenstrasse 9,
                                                  Celle,
                                                  Jámánì.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2011.

Volkmar, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Edeltraud ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kó máa gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ajá yín alárìnká yẹn? Mo gbọ́ pé òtútù ti dé bá yín ní Rostock kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ kú ìfaradà o. Roswitha ìyàwó mi ṣì wà bó ṣe wà láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún kò tíì gbéra, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá wọlé. Ní tèmi, ó rẹ̀ mí, Volkmar. N kò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló rẹ̀ mí jù. O mọ̀ pé abúlé kan lẹ́yìn Seesen ni ilé ìtọ́jú tí Roswitha wà, bọ́ọ̀sì kì í sì í dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí n kò bá lè wakọ̀, n kò rí ìyàwó mi nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti wọ taya òtútù, èyí tí a fi ń rìn lórí yìnyín, fún ọkọ̀ yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìlú, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ bí mo bá ti bọ́ sí márosẹ̀, tí mo tẹ̀ ẹ́ dé àádọ́fà kìlómítà ní wákàtí kan, sitiárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Bí mo bá dín eré kù, á dákẹ́.

Silke ọmọ mi bá mi lọ lọ́jọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni, o mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí. Kò wo sitiárìn rárá, ọwọ́ mi ló ń wò.

"Bàbá, ọkọ̀ kọ́ ló ń gbọ̀n o. Ọwọ́ yín ni."

Mo ní, "Silke, mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ọ."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn."

Inú bí mi! Ọwọ́ tí mo fi gé irin jẹun láti kékeré! Mo ní ọkọ̀ ló ń gbọ̀n, màá sì fi hàn án. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á gba kọ́kọ́rọ́ o.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Ó tú taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ, ó lẹ òjé mọ́ rímù kí wọ́n lè máa yí dọ́gba. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ, ó ti parí." Mo dé márosẹ̀, pàbó! Bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo padà sílé, mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo mi taya sọ́tùn-ún sósì, kò sí èyí tó mì. Ẹ̀yìn ń ro mí, ilẹ̀ tutù nini. Mo wá gbé taya iwájú sẹ́yìn, mo gbé tẹ̀yìn síwájú. Nígbà tí mo tún dé márosẹ̀, sitiárìn dákẹ́, ìjókòó ló wá ń gbọ̀n lábẹ́ mi. Mo dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Àìsàn yẹn ti bá taya lọ sẹ́yìn. Àbí ọwọ́ mi ló tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí mi?

Mo tú méjì tó wà lẹ́yìn, mo sì rí i. Ihò àárín rímù taya òtútù wa fẹ̀ ju irin tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń ki òrùka ike kan sínú ihò náà kí rímù lè jókòó sí àárín gbùngbùn. Ọ̀kan kò ní òrùka. Ẹ̀rọ fọ́kánáísà kò lè rí ìyẹn, torí ọ̀nà tirẹ̀ ló fi ń di rímù mú.

O ṣáà mọ bí èmi àti Roswitha ṣe ń ṣe é. Bí oṣù kẹwàá bá dé, àti nígbà Àjíǹde, èmi á máa tú taya, òun á jókòó sórí àpótí bíà, á kó bóòtù taya sínú ápírọ́ọ̀nù rẹ̀, á máa nu àwọn òrùka yẹn, á sì máa bú mi: "Eckhard, kí lo tún gbàgbé? Òrùka ńkọ́, olórí kunkun?" Lọ́dún yìí, èmi nìkan ni mo ṣe é. N kò rántí òrùka rárá. Mo rí i nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn àpò pòtétò. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún. Má sọ fún Edeltraud o.

Lánàá, mo gbé Silke sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ ọkọ̀ dé àádóje. Jẹ́ẹ́! Silke ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkọ̀ ni lóòótọ́." Mo fọ́nnu títí a fi dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé kọfí àti kéèkì wá. Mo gbé ife sí Roswitha lẹ́nu bí mo ti máa ń ṣe, kọfí dà sí i láyà. Mo fi ọwọ́ kejì kún un, ó tún dà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni Roswitha fi di tèmi mú títí ọwọ́ mi fi dákẹ́.

Silke rí i. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́, ó kàn ń wo ojú fèrèsé, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, èmi fúnra mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Òun ló wakọ̀ padà. Ọkọ̀ náà kò gbọ̀n rárá.

Bá mi kí Edeltraud àti gbogbo ilé. Iṣẹ́ Silke kì í jẹ́ kó ráyè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Roswitha kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò máa wò. Ìwọ ṣì ń wakọ̀, Volkmar. Jọ̀wọ́, bí o bá ń gba ọ̀nà ibí kọjá, wá gbé mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Eckhard