Ìkíni Tí Ìjọ Lunca Fi Rán Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín Ilinca ló ń kí yín láti ilẹ̀ Bulgaria. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ẹsẹ̀ òsì yín tó máa ń wú ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Kí Olúwa tó ti ń pa yín mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín má ṣe gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí yín. Ara èmi le, ara Filimon ọkọ mi náà le. Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé kíláàsì márùn-ún péré ni mo kà kí n tó bá yín wọ inú ọgbà àjàrà.

Màmá, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ìkíni tí ìjọ wa ní Lunca fi rán mi sáwọn ará ibí, mi ò jẹ́ ẹ láti oṣù kẹfà títí di ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ẹ rántí pé èmi ni Alàgbà Tudor fi rán, kì í ṣe Filimon, torí èmi ni ọmọ ìjọ yín. Ẹ̀yin fúnra yín tún ìborí mi so nídìí bọ́ọ̀sì, ẹ ní, “Ilinca, dìde dúró kí o tó jẹ́ ẹ o. Ẹni tó jókòó kí ni kò tíì kí ni.” Mo ní mo gbọ́.

Ìjọ Gorna níbí kò ju èèyàn mọ́kànlá lọ, nínú ilé tí wọ́n ń kó ewé tábà sí tẹ́lẹ̀. Filimon ń wàásù, èmi ń gbálẹ̀, mo ń dáná sí sítóòfù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń sọ pé òní ni màá dìde, màá sì jókòó títí ìsìn á fi parí. Filimon ní kí òun bá mi sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n rán.” Ìyá Àgbà Stoyna, àgbà gbogbo wọn, kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀: “Filimon, ṣé o yẹ ẹnu ọmọ yìí wò kí o tó gbé e níyàwó? Ó dá ọ lójú pé ahọ́n wà níbẹ̀?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà màá lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Àárò yín pọ̀ lára mi, Màmá. Mi ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n Filimon rí i. Ó ní, “Lẹ́yìn ìkórè, tí o ò bá lè fara dà á mọ́, màá mú ọ lọ bá màmá rẹ, èmi á sì padà wá dá wà níbí títí di ọdún Àjíǹde tí iṣẹ́ wa níbí á parí.” Oṣù mẹ́rin péré la ti ṣègbéyàwó! Mo kàn ká aṣọ mi sínú báàgì, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìkíni yẹn nìkan ló kù. Mi ò lè gbé e padà wá fún Alàgbà Tudor bí ẹní dá ẹrù onílé padà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni ìsìn Ìkórè. Elégédé, àjàrà àti tàtàṣé kún orí tábìlì. Mo ṣe búrẹ́dì tí a dì bí irun, bíi tiyín, ìdí rẹ̀ jóná díẹ̀. Mo mọ̀ pé ní wákàtí yẹn gan-an, ẹ̀yin náà ń gbé tiyín sí apá òsì tábìlì ní Lunca. Wọ́n wá dá orin kan tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ilé wa. Wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè wọn, èmi ń kọ ọ́ ní tiwa lábẹ́lẹ̀, omijé sì bọ́. Kí orin náà tó tán, ẹsẹ̀ mi ti dìde láìbi mí.

Mo ní, “Ìjọ Lunca ní kí n kí yín lórúkọ Jésù.” Gbólóhùn kan péré, oṣù mẹ́rin ni mo fi rù ú. Mo wá dúró, mò ń retí ìdáhùn. Mo gbàgbé pé wọn kò mọ àṣà wa. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí. Ẹnì kan wúkọ́. Mo di bẹ́ǹṣì mú, ṣùgbọ́n mi ò jókòó, torí ìkíni tí wọn kò tíì gbà, ọwọ́ mi ló ṣì wà.

Ìyá Àgbà Stoyna ní, “Kí ni ọmọ yìí ń dúró dè?” Filimon ṣàlàyé pé nílé wa, gbogbo ìjọ ló máa ń dìde dáhùn. Ìyá àgbà yẹn bú jáde pé, “O wá dákẹ́ síbẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ ti lẹ̀ mọ́ ìjókòó ni? Ẹ dìde!” Òun tí kì í dìde fún àdúrà nítorí orúnkún, òun ló kọ́kọ́ fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè. Àwọn mọ́kànlá dìde, wọ́n ní, “A gbà á tìfẹ́tìfẹ́.” Ohùn wọn kò dọ́gba rárá. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a jáde, Ìyá Àgbà Stoyna fà mí lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti rí báàgì náà lọ́jọ́ tó wá tọrọ iyọ̀. Ó ní, “Ìkíni tiwa náà ń lọ sí Lunca. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni kó gbé e o, kì í ṣe ìwọ. Bí o bá lọ, ta ni màá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́?” Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Nítorí náà, Màmá, mi ò ní lè wá báyìí. Mo ti tú báàgì náà. Mò ń tú u, mò ń sunkún, Filimon ń bá mi fi aṣọ kọ́. Ìborí tí ẹ fún mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Òórùn ilé wa ṣì kù díẹ̀ lára rẹ̀. Mi ò fẹ́ fọ̀ ọ́.

Kí òtútù tó ń bọ̀ má rí yín gbé ṣe. Kí ẹsẹ̀ yín máa gbé yín dé ìjọ. Kí Olúwa jẹ́ kí n bá yín láyọ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Ilinca, aya Filimon (kíkọ èyí kò tíì mọ́ mi lọ́wọ́)

Àfikún: Ìkíni náà nìyí: “Ìjọ Gorna kí ìjọ Lunca lórúkọ Jésù.” Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún ìtìjú, ṣùgbọ́n ẹ má fi rán Alàgbà Tudor. Ẹ̀yin ni kí ẹ dìde. Ẹ má sì jókòó kí wọ́n tó dáhùn.